Idris Elba àti John Luther: Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi pé, 'Ọmọ ibo ni ẹ́?'

Òṣèré kan àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí, àmọ́ Fante New Town níbí, nínú ìlú Kumasi, ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí àlejò kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní irú àdúgbò yìí: ọmọ ibo ni ẹ́?

Orúkọ àdúgbò náà gan-an ti dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yẹn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Fante ni wọ́n fi pè é, orúkọ àwọn ará etí òkun, nínú ìlú tó jẹ́ ti Ashanti. Ẹni tó bá ní Kwabena lòun ń jẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá ní Àlàbí lòun ń jẹ́, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, wọn yóò sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbí Ọ̀fà.

Àwọn àgbà Yorùbá tó ṣòwò nílẹ̀ Ghana mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, Twi sì yọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn bí omi. Síbẹ̀, ìwé ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ wá wo Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà níbẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán, ènìyàn dúdú, ó ga, ó síngbọnlẹ̀. Ó ń wọ ilé olówó, ó ń wọ ilé tálákà, ó sì ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn apààyàn wọlé. Láti ọdún 2010 títí di ọdún 2023 tí wọ́n fi ń gbé ìtàn rẹ̀ jáde, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rò ó láti bi í ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. John Luther lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é ni Idris Elba, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti Ghana, tí bàbá rẹ̀ sì wá láti Sierra Leone.

Ṣé òmìnira ni kí wọ́n má bi ènìyàn ní ìbéèrè yẹn, àbí àdánù ni? Ọdún mẹ́tàlá ni Elba àti Luther fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri.

Idrissa, ọmọ Hackney

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1972 ni wọ́n bí Idrissa Akuna Elba ní Hackney, ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó wà ní Dagenham ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ọmọ náà sì ṣe iṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ilé ìwé ní Canning Town ni Idrissa ti di Idris. Ẹni tó bá bímọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú rẹ̀ dáadáa: Olúwaṣeun á jáde nílé láàárọ̀, Shaun ni yóò padà wálé nírọ̀lẹ́.

Àjọ Prince's Trust fún un ní £1,500 kó lè bá ẹgbẹ́ òṣèré ọ̀dọ́ National Youth Music Theatre ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń rí iṣẹ́ kéékèèké lórí amóhùnmáwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń bá olórí eré rìn, ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan tí kò tún padà. Nígbà tó bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìíní ọdún 2016, ó ṣàlàyé pé orí òun ti fẹ́ẹ̀ kan àjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọ̀rẹ́ olórí eré tàbí olórí àwọn ọmọ ìta ni ipa tó wà fún ẹni tó bá dà bí òun. Ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà.

New York kò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣe aṣọ́nà ilé aláwàdà, ó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i fún àwọn tó ń jó lálẹ́. Nígbà tó di ọdún 2002, ó rí ipa Stringer Bell nínú eré The Wire: ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró ní Baltimore, ẹni tó ń lọ sí kíláàsì láti kọ́ nípa ìṣòwò bó ṣe ń pàṣẹ kí wọ́n pa ènìyàn. Ohùn Amẹ́ríkà rẹ̀ dán mọ́rán débi pé ọ̀pọ̀ àwọn òǹwòran níbẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ Hackney ni. Kí ilé tó lè rí i, ó ní láti jáde nílé. Ọ̀daràn ló sì ṣe kí ó tó ṣe Luther.

Ọkùnrin tó wà nínú kóòtù

Neil Cross, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ Luther. Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2010 ni apá àkọ́kọ́ jáde lórí BBC One. Cross kò fi pamọ́ pé òun yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú. Ọpọlọ tó ń tú ìdì ọ̀rọ̀, ti Sherlock Holmes ni. Bí wọ́n ṣe ń ti ìbẹ̀rẹ̀ fi apààyàn han òǹwòran, tó fi jẹ́ pé ohun tó kù ni bí ọwọ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́, ti Columbo nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe mú Luther wọlé nínú apá àkọ́kọ́ yẹ ní wíwò dáadáa. Ọkùnrin kan tó ń jí ọmọdé gbé há sókè gíga nínú ilé iṣẹ́ àlòpatì kan, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Luther dúró lókè rẹ̀. Ó bi í níbi tó gbé ọmọ sí, ọkùnrin náà sọ, wọ́n sì rí ọmọ náà láàyè. Lẹ́yìn náà ló kù bóyá kó fa ọkùnrin náà sókè. Luther kò fà á. Ó ń wò ó títí ó fi já bọ́.

Kí òǹwòran tó mọ̀ bóyá kóun fẹ́ràn ọlọ́pàá yìí tàbí kóun bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ti mú ẹlòmíì wá: Alice Morgan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀wé bí iwin, tí wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀ nílé. Ruth Wilson ló ṣe é. Luther jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó wá yán. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ẹni tó bá rí ẹni tó ń yán, òun náà á fẹ́ yán. Alice kò yán. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni Luther ti mọ̀ pé ẹ̀dùn ẹlòmíì kì í ran obìnrin yìí, àti pé òun gan-an ló pa àwọn òbí rẹ̀. Kò rí ọ̀bẹ, kò rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Yíyán lásán ni, àmọ́ kò lè fi yíyán lọ sílé ẹjọ́.

Bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń dákẹ́ tún wà níbẹ̀. Elba ló mú ìyẹn wá. Ẹ wo bó ṣe ń ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù eléérú yẹn, tí èjìká rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ti ẹni tó ti ń ru ẹrù láti àárọ̀. Táì pupa rẹ̀ kì í dé ọrùn. Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi sún mọ́ ọn láti gbọ́, nígbà tó bá sì bínú, tábìlì tàbí ilẹ̀kùn ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọkùnrin tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní ìdájí mọ irú ìrìn yẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Dagenham ló ti kọ́ ọ, àmọ́ kò jọ ìrìn tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tíátà.

Ìpele márùn-ún péré ni eré náà ní láàárín ọdún 2010 sí oṣù Kìíní ọdún 2019: apá mẹ́fà, mẹ́rin, mẹ́rin, méjì, mẹ́rin. Ogún ni gbogbo rẹ̀. Kò pọ̀ rárá tí wọ́n bá fi wé David Suchet, tó ṣe apá 70 gẹ́gẹ́ bí Hercule Poirot láti ọdún 1989 sí 2013. Elba ní tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó lọ ṣe Heimdall nínú fíìmù Thor. Ó lọ ṣe Nelson Mandela lọ́dún 2013. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó tún padà wá wọ kóòtù kan náà. Luther ló gba àmì ẹ̀yẹ Golden Globe fún un lọ́dún 2012.

Oúnjẹ tí Luther kò jẹ

Lóṣù Kẹrin ọdún 2021, ọ̀gá kan ní BBC tó ń bójú tó bí àwọn èèyàn oríṣiríṣi ṣe ń hàn nínú àwọn ètò wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tó dá awuyewuye sílẹ̀. Ó ní inú gbogbo ènìyàn dùn nígbà tí Luther kọ́kọ́ jáde, pé ènìyàn dúdú ni olórí eré. Àmọ́ tó bá di ìpele kejì, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ọkùnrin yìí kò ní ọ̀rẹ́ dúdú kankan, kò sì jẹ oúnjẹ àwọn ará Caribbean. Ó ní kò jọ òótọ́.

Ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tó bá ń gbé Kumasi. Oúnjẹ Caribbean kẹ̀? Ìyá òṣèré náà wá láti Ghana! Tí Luther bá fẹ́ jẹun ilé, fufu àti ọbẹ̀ ẹja ni, tàbí waakye nínú ewé, tàbí ewé ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Sierra Leone ń sè. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ọkùnrin náà ní ilé tún fún un ní ilé onílé.

Ẹ̀rín lásán kọ́ ni ṣá. Cross ti ṣàlàyé tirẹ̀: òun jẹ́ òyìnbó, òun kò ní ìmọ̀ bí ó ṣe rí láti jẹ́ ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbéraga ni yóò sì jẹ́ tóun bá díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ohun tó wu Elba nínú ipa náà ni pé kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ní làákàyè, tó ní ìbínú, tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n kọ. Ó pé.

Òótọ́ Cross pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti kọ ọ́ síwájú ìwé pé 'ọlọ́pàá dúdú, ọmọ Hackney', ẹ̀yin náà mọ irú eré tí ì bá jáde. Àbúrò rẹ̀ ì bá wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìta, ìyá rẹ̀ ì bá máa sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, olórí ọlọ́pàá tó jẹ́ òyìnbó ì bá sì wá kọ́ nǹkan lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Dídákẹ́ tí Cross dákẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ní iye tó ń náni, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá sì kọjá ni iye náà ń ga sí i. Ní ìpele àkọ́kọ́, ọkùnrin tí kò ní mọ̀lẹ́bí lè jẹ́ àdììtú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó ti di nǹkan mìíràn. Kò sí àbúrò ìyá tó ń pè é lórí fóònù pé ẹnì kan ti kú nílé, kó fi owó ránṣẹ́. Ní Kumasi, tí wọ́n ti ń wọ dúdú àti pupa lọ síbi òkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ta ló lè ronú nípa ọkùnrin kan tó ń rí òkú lójoojúmọ́ tí òkú kankan kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀?

Ẹ fi Luther wé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Yorùbá ti ní nínú ìwé. Ọdún 1969, ọdún kan náà tí àṣẹ Busia jáde, ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, tó sì fi Láàpàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀rí, lé àwọn ọ̀bàyéjẹ́. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e lọ́dún 1971. Kọ́lá Akínlàdé náà ní Akin Olúṣínà tirẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá ẹni tó pa ọmọ ọba. Kò sí ibi tí Òkédìjí ti ní láti sọ pé ọmọ Yorùbá ni Láàpàdé. Tí Láàpàdé bá ti lanu, òwe ti jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó ṣe ń bú ènìyàn, bó ṣe ń kí àgbà, bó ṣe ń tan ọ̀daràn jẹ pẹ̀lú àwàdà, ìlú rẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀. Luther mọ gbogbo òpópónà Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ kò ní irú ẹnu yẹn.

Luther, Halliday, Raine

Ohun kan wà tí àwọn tó jiyàn lọ́dún 2021 kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Nínú ìpele karùn-ún, tó jáde ní alẹ́ mẹ́rin tẹ̀léra wọn níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, wọ́n fún Luther ní ọlọ́pàá tuntun kan tí wọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́. Wunmi Mosaku ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester. Òun kan náà ló ti gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA lọ́dún 2017 fún ipa ìyá Damilola Taylor, ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n pa ní Peckham lọ́dún 2000. Kí lorúkọ ọlọ́pàá tó ṣe nínú Luther? Catherine Halliday.

Nígbà tó di fíìmù Luther: The Fallen Sun lọ́dún 2023, Cynthia Erivo, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń lé Luther tó sá kúrò lẹ́wọ̀n. Odette Raine ni wọ́n pe òun náà.

Ẹ kà wọ́n: ọmọ Ghana àti Sierra Leone, ọmọ Yorùbá, ọmọ Nàìjíríà mìíràn. Luther, Halliday, Raine. Àwọn mẹ́ta dúró síwájú kámẹ́rà ní ìlú tí Adébáyọ̀ àti Mensah pọ̀ nínú rẹ̀ bí iyanrìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ orúkọ tí ìyá àgbà á mọ̀ pè. Ìyẹn gan-an wúwo ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Nínú tíátà ilé, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ipa ló ń gbé orúkọ òṣèré mì. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ṣe Baba Sàlá títí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn, kó tó kú lọ́dún 2018. Nínú àwọn fíìmù Twi tí wọ́n ń pè ní Kumawood níbí, ta ló ń pe Kofi Adu ní nǹkan mìíràn ju Agya Koo lọ? Ti Elba kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Idris Elba ni. Luther gba ara rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀, ó gba ọdún mẹ́tàlá nínú ayé rẹ̀, àmọ́ kò gba ibi tó ti wá.

Àmì ẹ̀yẹ méjì ní alẹ́ kan

Ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Screen Actors Guild, fún Elba ní àmì ẹ̀yẹ méjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Luther ni ọ̀kan. Èkejì ni Beasts of No Nation, tí wọ́n yà nílẹ̀ Ghana láti inú ìwé Uzodinma Iweala, ọmọ Nàìjíríà. Twi wà lẹ́nu àwọn tó ṣe é. Abraham Attah, ọmọ Ghana tí kò ṣe fíìmù rí, ló ṣe ọmọdé tí wọ́n sọ di ológun, Elba sì ṣe ọ̀gá tó kó àwọn ọmọ náà jọ.

Èèyàn lè rò pé níbẹ̀ ni Elba ti rí ilé. Àmọ́ Commandant nìkan ni wọ́n ń pe ipa rẹ̀ nínú fíìmù náà, orúkọ oyè ológun. Orílẹ̀-èdè tí ogun náà ti ń jà pàápàá, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ó dé ilẹ̀ ìyá rẹ̀ láti ṣeré, ọkùnrin tí kò ní ìlú ló tún ṣe.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń pariwo pé òun ló yẹ kó ṣe James Bond. Ó wá sọ lọ́dún 2023 pé bí ariyanjiyan náà ṣe di ti àwọ̀ ara ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ mọ́ òun lára. Ní ọdún kan náà, ó sọ fún ìwé ìròyìn Esquire pé òun ti jáwọ́ nínú pípe ara òun ní 'òṣèré dúdú', torí ó ń sé òun mọ́ ojú kan. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí Luther kọ́ ọ nìyẹn: ipa tí wọ́n kò kọ àwọ̀ sí ló gbé e dé ibi tó dé. Ó ṣòro láti bá ọkùnrin wí pé ó gba ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un gbọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mú Luther lọ sílé tiwọn. Gúúsù Kòríà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2018, Faransé ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2021, Íńdíà ṣe Rudra lọ́dún 2022 pẹ̀lú Ajay Devgn. Íńdíà kò tilẹ̀ jáfara láti fún ọlọ́pàá náà ní orúkọ ilé. Tó bá jẹ́ Kumasi ni, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni, ìyá rẹ̀ wá láti ìlú wo, kí ó tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọlọ́pàá tí kò bá lè dáhùn, kò ní rí ìdáhùn gbà.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, Elba sọ fún BBC pé òun máa kó wá sí Áfíríkà láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ fíìmù sí Zanzibar, ó sì fẹ́ kọ́ òmíràn sí Accra. Ó ní òun máa gbé ní Accra, òun máa gbé ní Freetown, òun máa gbé ní Zanzibar, ibi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn lòun máa lọ. Ó tún ní lọ́jọ́ kan, òun fẹ́ ya fíìmù ní ilé iṣẹ́ òun ní Accra. Kò sọ bóyá John Luther máa wà nínú rẹ̀. Tó bá máa wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní láti kọ́kọ́ wá orúkọ ìyá rẹ̀ rí.